Bóòtù Inú Agolo Mílíìkì

Oyèlékè, tó ń wa kátàkátà ìjọba ní Àgọ́-Àmọ̀dù, dìde láàárín àwọn àgbẹ̀ tó pé síwájú ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́jọ́ kan ní 1978. Ó bọ́ fìlà. Ó ní ohun tó há òun lọ́fun láti ọdún mẹ́ta, òun máa pọ̀ ọ́ lónìí, bí iṣẹ́ bá fẹ́ bọ́, kó bọ́. Ó yọ bóòtù kan nínú agolo mílíìkì, ó gbé e síwájú Ìyáàfin Adégbénró, ọ̀gá tuntun.

“Bóòtù yìí ló ń de irin ìtúlẹ̀ mọ́ ìdí kátàkátà. Ràsáàkì mẹkáníìkì kò tà á. Èmi ni mo tú u. Ìyá Fàtímọ̀, ẹ̀yin ló kàn kí n túlẹ̀ fún lọ́jọ́ tí mo tú u, àmọ́ Àyàndélé oníṣòwò ti fa àgbò wá fún ọ̀gá wa àná. Ọ̀gá ní kí n wá ọgbọ́n dá. Mo ní kátàkátà bàjẹ́, ẹ sì ṣàdúrà fún mi kí ẹ tó padà sílé. Lọ́jọ́ kejì, Àyàndélé ra bóòtù mìíràn ní Ṣakí, oko tirẹ̀ ni mo lọ tú. Nígbà tí mo máa fi dé oko yín, òjò ti lọ.”

Èyí tó burú jù ló kù, òun náà sì mọ̀.

“Ẹ fẹjọ́ sùn. Àwọn aláṣẹ ní ta ló ba kátàkátà jẹ́. Mo nàka sí Ràsáàkì, ẹni tá a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, mo ní òun ló tú bóòtù tà. Wọ́n lé e. Kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe ní Ìwéré-Ilé báyìí.”

Mákindé àgbà, ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ náà, bi í pé kí ló dé tó fi wá ń sọ ọ́ lónìí.

Oyèlékè nawọ́ sí pátákó ara ògiri, níbi tí ọ̀gá tuntun ti ń fi ẹfun kọ orúkọ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀léra, kí gbogbo ayé lè rí i. Bàbá tó bí ọ̀gá gan-an wà ní nọ́ńbà kọkànlélọ́gbọ̀n.

“Mo ní kí n bá Bàbá ọ̀gá tú oko tiwọn kí òjò tó dá. Ọ̀gá ní, ‘Ṣé àwọn ló kàn ni?’ Bàbá pẹ́ gbìn, àgbàdo wọn ò dáa. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu mi mọ́. Ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbaṣẹ́ ìjọba, bí ọ̀gá yín ò bá jẹ àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹ dúpẹ́. Bó bá ń jẹ, ẹ má bá a jẹ.”

Ìyáàfin Adégbénró gba kọ́kọ́rọ́ kátàkátà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ pe Ràsáàkì wá. Gbogbo ojú wá yí sí Ìyá Fàtímọ̀.

“Oyèlékè, mo dárí jì ọ́,” obìnrin náà ní. “Àmọ́ àgbàdo ọdún yẹn ni mo fẹ́ fi rán Fàtímọ̀ lọ sí girama. Ó ti wà nílé ọkọ báyìí, ó ti bímọ kan. Ta ló máa dá a padà síléèwé?”

Oyèlékè dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀.