Iwin Tó Ṣi Ọ̀rọ̀ Sọ
Ní gáréèjì ọkọ̀ àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Television, èmi àgbàlagbà dúró lókèèrè nítorí ẹ̀rù iwin olójú mẹ́ta tó wà lára páálí síídì kan, mo sì ń gbọ́ ìyá kan àti ọkùnrin tó ń ta síídì náà.

“Màmá, eré ẹ̀fẹ̀ inú òfurufú yìí dáa, wallahi. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.”

“Èyí tí wọ́n ti ń ṣàṣìṣe ni mo fẹ́.”

“Haba! Èyí tí wọ́n gé dànù?”

“Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú Bàbá wa, ahọ́n wọn wúwo, ojú ń tì wọ́n láti sọ̀rọ̀. Lánàá, nílé aládùúgbò, a wo ibi tí wọ́n gé dànù náà: òṣèré tó ṣe iwin yìí ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ó rẹ́rìn-ín, ó tún un sọ. Bàbá wa náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, ‘Èmi náà á tún un sọ.’ ”

Mo bá sún mọ́ páálí náà, mo kí iwin kú iṣẹ́.