Mo Fi Mọ́tò Pupa Lé Bàbá Mi Tí Kò Ríran Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n, kò kí mi mọ́. Ó ń sọ fún gbogbo ẹbí pé mo fẹ́ pa bàbá wa. Èmi! Èmi tí mò ń bu omi àlùwàlá fún wọn ní gbogbo ìgbà ìrun! Ọ̀rọ̀ mọ́tò ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n irú mọ́tò wo nìyẹn! Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Bàbá ń ta aṣọ láàárín Ọ̀fà àti Kàdúná, Kàdúná ni wọ́n ti rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀. Ọkọ̀ Jámánì ni, pupa fòò, onílẹ̀kùn mẹ́rin. Ó rẹlẹ̀, ó wá na imú síwájú bí ológbò tó fẹ́ fò mọ́ eku. Bí wọ́n bá ṣíná sí i, kì í pariwo, á kàn máa kùn láyà. Kí ẹ tó jókòó dáadáa, a ti fi Ẹ̀rìn-Ilé sẹ́yìn. Bí wọ́n bá fi wọ kọ́nà, á lẹ̀ mọ́ títì típẹ́típẹ́. Síbẹ̀ ọkọ̀ ẹbí ni: ìyá wa, àwa ọmọ àti ìdì aṣọ, gbogbo wa ló máa ń gbà. Bàbá tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ a sì máa kọrin nínú rẹ̀.

Nígbà tó yá, ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ọjọ́ tí wọ́n fi mọ́tò náà gbá ògiri ilé wa, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fọwọ́ pa ibi tó họ, wọ́n sì na kọ́kọ́rọ́ sí mi. Ọkọ mi ti kú nígbà yẹn, mo ti padà sílé. Èmi ni mo wá ń gbé wọn lọ kírun Jímọ̀. Wọn ò ríran mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á ní: "Wọ jíà kẹta! O ò gbọ́ bó ṣe ń bẹ̀ ọ́ ni?"

Ní Jímọ̀ kan, a ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, Bàbá rọra ní: "Ìyá mi, jẹ́ kí n wà á lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo mọ̀ pé kò yẹ. Ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe ní rárá? Mo wa ọkọ̀ lọ sí pápá ilé ìwé kan lọ́nà Òjòkú. Wọ́n wà ní họ́lídè, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. A pààrọ̀ ìjókòó, mo di bíréèkì ọwọ́ mú. "Ẹ yà sọ́tùn-ún díẹ̀, Bàbá. Ẹ rọra." Jíà ò dún rárá. Nígbà tí wọ́n wọ jíà kejì, ọkọ̀ náà gbérí, eruku sọ lẹ́yìn wa, Bàbá bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú wọn. "Ó ṣì mọ̀ mí! Ó ṣì mọ̀ mí!"

Ẹnì kan tó ń kọjá rí wa, ló bá sọ fún àbúrò mi tó ń gbé ní Ìlọrin. Ó dé pẹ̀lú ìbínú. "Àǹtí, ṣé orí yín pé? Afọ́jú lẹ gbé mọ́tò fún?" Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n sorí kọ́. Àbúrò mi gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ nínú àgbàlá, ó ní òun ti ń wá ẹni tó máa ra ọkọ̀ náà. Láti ìgbà náà, Bàbá ò jẹun dáadáa.

N kò ní parọ́, ọ̀rọ̀ àbúrò mi ò ṣàì ní òótọ́ nínú. Bí ọmọ kan bá sáré jáde ńkọ́?

Àmọ́ lánàá, Bàbá pè mí, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ kejì sí mi lọ́wọ́. N kò mọ̀ pé ó wà rárá. Wọ́n ní: "Bó o bá rí mi bí afọ́jú lásán, dá a padà fún mi." N kò tíì dá a padà. Ọ̀la ni Jímọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí àgbàlagbà nílé, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, èwo lẹ máa ṣe: ṣé ẹ máa dá kọ́kọ́rọ́ padà ni, àbí ẹ máa tún jẹ́ kí wọ́n wa ọkọ̀ lọ́la?