Ìwọ́ Ọmọ Tí Mo Sin Sétí Odò ní Japan

Òtútù mú ní àárọ̀ ọjọ́ náà, oòrùn sì yọ, irú oòrùn tó ń tàn tí kò gbóná. Afẹ́fẹ́ ò le, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó ń fẹ́ yẹn ń já òdòdó funfun sílẹ̀ látorí igi, bíi pé ẹnì kan ń ku láfún lé wa lórí.

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ àárọ̀ yẹn kiri. Mo ń sọ ọ́ báyìí torí wọ́n fẹ́ kí n wá jẹ́rìí níwájú ẹbí lọ́la, mi ò sì ní jẹ́rìí èké. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kẹ́ ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Orúkọ tí mo pè níbí kì í ṣe orúkọ wọn gangan.

Bùkọ́lá ni ọmọ mi obìnrin. Òun àti Wálé ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Japan. Ilé iṣẹ́ kan ní Sango níbí ni Wálé wà tẹ́lẹ̀ kó tó ríṣẹ́ lọ síbẹ̀. Nígbà tí Bùkọ́lá bí Káyọ̀dé, mo ti ìsọ̀ ike tí mo ń tà, mo lọ bá wọn wẹ ọmọ.

Ìwọ́ ọmọ já. Àwọn ará ibẹ̀ kì í jù ú nù. Àpótí pákó kékeré kan wà tí ọsibítù fún wọn láti tọ́jú rẹ̀ sí. Ìyá Wálé pè láti Adó-Odò, wọ́n ní kí n gbé e bọ̀ nílé, káwọn sin ín sí agboolé bàbá ọmọ. Mo ní mo ti gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn sọ fún mi pé wọ́n máa ń mú ẹni tó bá gbé ẹ̀yà ara èèyàn ní pápákọ̀ òfurufú. Bóyá ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Èmi gbà á gbọ́. Mi ò sì béèrè lọ́wọ́ Wálé, torí mi ò fẹ́ kó rí mi bí ará oko. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n padà, wọ́n mú mi lọ síbi ọdún òdòdó. Sakúrà ni wọ́n ń pe igi náà. Ó tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, àwọn èèyàn tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń ya fọ́tò. Mo ní, "Bùkọ́lá, ìgbà wo ni wọ́n máa wá ká èso ẹ̀?"

Ó ní, "Màámi, wọ́n kàn ń wò ó ni."

"Gbogbo èrò yìí? Igi tí ò léso?" Wálé rẹ́rìn-ín títí.

Wọ́n gbé ọmọ dání lọ ra oúnjẹ. Èmi nìkan ló kù lórí ẹní. Àpótí náà wà nínú báàgì mi, torí láti ilé ni mo ti ń wá ibi tí màá sin ìwọ́ inú ẹ̀ sí. Mo fi ṣíbí gbẹ́ ìdí igi, mo sin ìwọ́ ọmọ ọlọ́mọ síbẹ̀, mo fi òdòdó tó já bò ó. Mo gbàdúrà. Mi ò ní purọ́ fún yín, ọkàn mi balẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Irọ́ ló wá tẹ̀lé e. Ata ilẹ̀ gbígbẹ tí mo gbé wá láti Sango ti sún kì bí ìwọ́ gan-an. Mo gé díẹ̀, mo fi sínú àpótí. Ní pápákọ̀, ẹni tó ń yẹ ẹrù wò ṣí i, ó wò ó, ó dé e padà, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ní Adó-Odò, Ìyá Wálé fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Wọ́n sin ín, wọ́n gbin àgbọn lé e. Láràárọ̀ ni wọ́n ń kí i pé, "Káyọ̀dé, ṣé o jí ire?" Mo fi etí mi gbọ́ ọ.

Ní oṣù tó kọjá, ẹbí ní àwọn fẹ́ pín ilẹ̀ agboolé. Àbúrò bàbá Wálé ní ọmọ tí kò tẹ ilẹ̀ Adó-Odò rí ò ní ìpín níbẹ̀. Ìyá Wálé ní, "Ìwọ́ ẹ̀ wà nínú ilẹ̀ yìí. Ta ló máa lé e?" Ni wọ́n bá ní kí èmi tí mo gbé e wá wá jẹ́rìí lọ́jọ́ Sátidé.

Lọ́jọ́rú, mo lọ kúnlẹ̀ fún Ìyá Wálé, mo sọ gbogbo ẹ̀.

"Ìyá Bùkọ́lá, kí lẹ ní mo sin?"

"Ata ilẹ̀ ni, Ìyá."

"Ata ilẹ̀ ni mo ń bi pé ṣé ó jí ire?" Ẹ̀rín pa wọ́n. Lẹ́yìn náà ni omi lé ròrò lójú wọn. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ó dáa. Ata ilẹ̀ yẹn ti di ìwọ́. Ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé kẹ́ ẹ sọ pé ìwọ́ ni. Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ yín ni?"

Mo dágbére fún wọn. Mo ń rò ó nínú ọkọ̀ títí mo fi dé Sango. Tí irọ́ yìí bá tú lẹ́yìn ikú mi, Káyọ̀dé ni wọ́n máa pè ní olè ilẹ̀, èmi ò sì ní sí níbẹ̀ láti sọ pé èmi ni. Ọmọ Wálé ni. Ẹ̀jẹ̀ ilé yẹn wà lára ẹ̀. Ìyẹn ni kí wọ́n fi fún un nílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo tún wọkọ̀ lọ sí Adó-Odò. Ẹnu ọ̀nà Ìyá Wálé ni mo kọ́kọ́ dúró sí. Mo ní, "Ìyá, ọ̀dọ̀ olórí ẹbí ni mò ń lọ. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Wọ́n ní, "Tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ má pè mí ní àna yín mọ́."

Mo kúnlẹ̀, mo dìde, mo lọ. Mo sọ ọ́ fún olórí ẹbí látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo ní ọwọ́ mi nìkan ló wà níbẹ̀. Mi ò sọ ohun tí Ìyá Wálé ní kí n wá sọ. Olórí ẹbí ní àwọn ti gbọ́, ó di Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ àna tó ti kọ èèyàn sílẹ̀, ẹ kọ́ mi, torí ilé wọn náà ni màá kọ́kọ́ yà lọ́la.