Wáàtì Mélòó Ni Kọ̀ǹpútà Wa Ń Jẹ?

Alága ìjókòó wa, Olóyè Ìyàndá, mo kí yín, mo tún yín kí. Ẹ̀yin àgbààgbà Lálùpọn, ẹ kú ọlá. Ọ̀gá ilé-ìwé wa, Ọ̀gbẹ́ni Ifáṣadé. Alhaji Yasir, alága ẹgbẹ́ òbí, tí ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ wọn ń jí gbogbo àdúgbò láàárọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà lábẹ́ igi máńgòrò nítorí pé gbọ̀ngàn ti kún: ẹ kú ìjókòó o.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ń fẹ̀yìn tì lónìí, wọ́n ní kí n má pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìdágbére mi. Ẹ gbọ́ ná! Ẹni tó ti ń fi ẹnu ṣiṣẹ́ jẹun láti ìgbà èwe, ẹ wá gbé maikirofóònù lé e lọ́wọ́ tán, ẹ ní kó má pẹ́!

Ìṣirò ni mo wá kọ́ àwọn ọmọ níbí. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, gbogbo olùkọ́ ń wojú ara wọn, èmi Ṣeunfúnmi Ọ̀ṣunbíyìí ni mo nawọ́, bẹ́ẹ̀ ni mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tàn án. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Èmi àtàwọn ọmọ la jọ kọ́ ọ. Eruku ìlú wa ò jẹ́ ká gbádùn, ni mo bá pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ bàtà wọ yàrá náà. Àwọn ọmọ mọ̀ pé ọmọ ìjọ Kérúbù ni mí, tí àwa kì í wọ bàtà tí a bá wọ aṣọ funfun, wọ́n bá sọ yàrá náà ní Ṣọ́ọ̀ṣì Ìyá Kọ̀ǹpútà. Ẹ ń rẹ́rìn-ín! Ọ̀gá wa, ẹ̀yin náà ti fi ìbọ̀sẹ̀ tó lu dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn rí. Ẹ forí jì mí, gbogbo ẹni tí mo ti lé padà. Ẹnu mi mú, ṣùgbọ́n inú mi ò burú.

Olúwadọ̀tun ló ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní sùúrù ni, ó mọṣẹ́, kì í kanra mọ́ ọmọ. Ní ti olùkọ́, ọkàn mi balẹ̀.

Ibi tí ọkàn mi ò ti balẹ̀ rèé. Jẹnẹrétọ̀ wa ti kú. Ní ìpàdé òbí tó kọjá, ẹ ní tí mo bá ti lọ, kí wọ́n ti yàrá kọ̀ǹpútà pa títí a ó fi rí jẹnẹrétọ̀ ńlá rà. Ìgbà wo la ó rí i? Ẹ̀yin òbí, ṣebí orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì? Ṣé ibẹ̀ lẹ fẹ́ kí ọmọ yín ti kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n, kí aago sì máa lọ? Ó dùn mí, mi ò purọ́.

Alhaji mi, ẹ má bínú o, mo fẹ́ fi yín ṣeré díẹ̀. Àpótí irin kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń gba iná, tó ń pín in fún gbogbo ara rẹ̀. Páwápáàkì là ń pè é. Wọ́n kọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta wáàtì sí tiwa lára. Alhaji bẹ̀rẹ̀ wò ó, wọ́n ro ti kọ̀ǹpútà márààrún pọ̀, wọ́n ní, "Háà! Ìyá Kọ̀ǹpútà, kí lẹ fi ń bọ́ nǹkan wọ̀nyí?" Wọn ò jẹ̀bi. Ẹni tó ń lọ ẹ̀gẹ́ mọ̀ pé bí ẹ̀rọ bá ṣe tóbi tó ló ṣe ń mu epo tó. Ṣùgbọ́n ohun tí páwápáàkì lè gbé ni wọ́n kọ sí i lára, kì í ṣe ohun tó ń jẹ. Ọkọ̀ tó lè kó ogún àpò gàrí lọ sí Ìbàdàn, bí ẹ bá kó mẹ́ta sí i, mélòó ló máa dé ọjà? Ẹ dáhùn! Mẹ́ta ni!

Èmi àti Olúwadọ̀tun fi mítà sí ìdí ọ̀kan. Pẹ̀lú bí a ṣe ń tẹ̀wé lórí rẹ̀, tòun ti ojú rẹ̀ tí à ń wò, kò pé ọgọ́rùn-ún wáàtì, márààrún ò sì pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Tí páwápáàkì bá bàjẹ́ lọ́la, ojúlówó ọ̀ọ́dúnrún wáàtì ti tó wa, àyè á tún ṣẹ́ kù tí kò fi ní máa gbóná. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà gbá géèmù ńláńlá, tí káàdì àwòrán inú rẹ̀ tóbi bíi búrẹ́dì, àwọn yẹn lè wá ẹgbẹ̀ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wá a. Kí ẹ sáà ṣọ́ra fún ayédèrú: nọ́ńbà gbàǹgbà lára, ẹ gbé e lọ́wọ́, ó fúyẹ́ bíi páálí ìṣáná.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ gbé ẹ̀bùn wá fún mi: sólà, bátìrì àti ínfátà kékeré tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, ẹ ní kí n máa fi gba atẹ́gùn nílé. Mo sunkún ayọ̀. Alhaji ní, "Fáànù àti tẹlifíṣọ̀n nìkan ló lè gbé o." Ó dáa. Ẹ bá mi yíjú sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Olúwadọ̀tun, ọmọ mi, ká aṣọ funfun yẹn kúrò.

Ṣé ẹ rí wọn? Márààrún ló wà lórí iná! Láti ìgbà tí alága ti gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀bùn yín yẹn náà ló gbé wọn. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ara yín! Mo fi í sílẹ̀ fún ilé-ìwé. Ẹ má wulẹ̀ bá mi jà, abẹ̀bẹ̀ wà nílé mi. Ọ̀gá wa, kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ àwọn ọmọ mi.

Olúwa ò ní jẹ́ kí iná ilé yín kú. Òjò á rọ̀ lásìkò, ẹ̀gẹ́ yín á ta, ọwọ́ ọmọ yín ò ní gbọ̀n níbi tí ẹlẹgbẹ́ wọn ti ń ṣe dáadáa. Bí ẹ ṣe yẹ́ mi sí lónìí, ojú mi á rí ọjọ́ ayọ̀ tiyín.

Alhaji Yasir, mo ti rí yín, ẹ ti dìde, ẹ ń lọ fọwọ́ kàn án wò. Ẹ máa lọ, ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bọ́ bàtà o!

Ẹ wò wọ́n, wọ́n ti ń bọ́ ọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo lè máa lọ sílé báyìí. Ẹ ṣé o.