Ohùn Ìyá Ọṣẹ Tí Mo Fi Orin Bò Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi orin mi jí láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú, ẹ jókòó dáadáa. Bí ẹ bá ń sá aṣọ, ẹ fi í lẹ̀ ná. Bí omi tíì bá wà lórí iná, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ti wà láyà mi tipẹ́, ó ti di àlejò tó fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ onílé, òní ni màá lé e síta. Dókítà ní ọkàn mi ń rìn bí ẹni tí bàtà fún lẹ́sẹ̀. Mo ní, “Dókítà, bàtà kọ́ ló fún un, ẹ̀ṣẹ̀ ni.” Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Inú mi ń dùn o, n kò ní tàn yín. Inú ẹni tó fẹ́ sọ ẹrù kalẹ̀ kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹrù náà ò dára, ẹ̀yin náà á rí i.

Ẹni tí kò bá tíì dé ilé-iṣẹ́ rédíò wa rí, yàrá méjì péré ni, lókè ìsọ̀ onítáyà. Bí onítáyà bá ń fẹ́ atẹ́gùn nísàlẹ̀, àwa á dákẹ́ lókè títí yóò fi parí. Páálí ẹyin la fi bo ògiri kí ohùn má baà máa ta padà, tìmùtìmù àtijọ́ la fi dí fèrèsé. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló dá a sílẹ̀, Olóòtú ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní rédíò àwọn ńláńlá ti pọ̀ tó, ẹ jẹ́ kí ti àwa mẹ̀kúnnù náà wà: kí awakọ̀ sọ tirẹ̀, kí agbálẹ̀ sọ tirẹ̀, kí afọ́jú tó ń hun àga sọ tirẹ̀, kí àjèjì tí èdè wa ṣì ń wúwo lẹ́nu rẹ̀ sọ tirẹ̀. Ẹni tó bá ti lè gun àtẹ̀gùn wa, ohùn rẹ̀ á dé etí ìlú. Èmi ni mò ń fi orin ṣí ètò láràárọ̀. Ẹ̀kọ́ mi ò kọjá kíláàsì kejì, ìka ni mo fi ń tọ lẹ́tà kí n tó kà á, ṣùgbọ́n orin? Háà! Ọlọ́run ò fi ìyẹn dù mí.

Olóòtú ní òfin kan tí kò fi í ṣeré. Kò sí ohùn tó gbọ́dọ̀ jáde láìjẹ́ pé èmi kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ní, “Màmá, ẹ̀yin ni Etí Àkọ́kọ́. Ohun tó bá yé yín, á yé gbogbo àdúgbò. Ohun tí kò bá yé yín, ká pe ẹni tó sọ ọ́ padà, kó tún un sọ.” Agbọ̀n méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. Kásẹ́ẹ̀tì tó bá yé mi, mo jù ú sí ti ọ̀tún, ìyẹn ń lọ sórí afẹ́fẹ́. Èyí tí a ò bá nílò mọ́, mo jù ú sí ti òsì, wọ́n á gba ohùn ẹlòmíràn lé e lórí, torí kásẹ́ẹ̀tì wọ́n lọ́wọ́ wa bí ojú. Ẹ ò rí agbára tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́? Bí mo bá ti jókòó, tí mo fi ẹ̀rọ yẹn bo etí mi méjèèjì, ó ń ṣe mí bíi pé èmi ni mo ni ẹnu gbogbo ayé.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan gun òkè wá. Alágbàfọ̀ ni, ẹ̀yìn ilé wa ló ń gbé, Ìyá Ọṣẹ là ń pè é. Ìlú òkèèrè ló ti wá. Bó bá ń sọ èdè wa, á máa yan ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ó ti fi ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré sílẹ̀ nílé. Ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú rédíò kí n tó wọ ọsibítù, kí ọmọ mi lè mọ̀ pé èèyàn ni ìyá òun.” Mo ní, “Ta ló ní o kì í ṣe èèyàn?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ ò tíì rí bí wọ́n ṣe ń ju aṣọ ìdọ̀tí lù mí ni.” Mo mú un wọlé fún Wáyà. Wáyà ni ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ wa, ó tín-ín-rín bí wáyà lóòótọ́. Ìyá Ọṣẹ sọ̀rọ̀, nígbà tó parí, ó kọ orin kan ní èdè tirẹ̀, orin tó máa ń kọ bó bá ń ṣan aṣọ. Wáyà jáde síta, ó ń fi ọwọ́ pa apá. Ó ní, “Màmá, ẹ wá wo gbogbo irun ara mi bó ṣe dìde! Ẹ yáa lọ bẹ obìnrin yìí o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìgbálẹ̀ ló kù tí wọ́n máa fún yín ní rédíò yìí.” Ẹ̀fẹ̀ ni. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù, ṣùgbọ́n eyín lásán ló wà níta, inú mi ti ń hó.

Mo jókòó, mo gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó sọ bó ṣe pọn ọmọ rìn láti òkèèrè wá sí ìlú wa. Ó ní òun mọ gbogbo àdúgbò láti inú aṣọ wọn: òun mọ ẹni tó ń sunkún sórí ìrọ̀rí, òun mọ ọkọ tí aṣọ rẹ̀ ò wọlé mọ́, òun ò sì tú àṣírí ẹnì kankan rí. Lẹ́yìn náà ló wá bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀: “Ọmọ mi, bí n kò bá padà, má jẹ́ kí wọ́n sọ fún ẹ pé mo sá fi ẹ́ sílẹ̀. Mo wá síbí, mo sọ̀rọ̀, gbogbo wọn gbọ́.” Ó wá kọrin. Ẹ̀yin èèyàn, ó yé mi. Gbogbo rẹ̀ pátá ló yé mi, títí kan orin tí n kò gbọ́ èdè rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú mi, ọwọ́ mi sì gbé kásẹ́ẹ̀tì náà, ó jù ú sí agbọ̀n òsì. Kò sẹ́ni tó tì mí. Ẹ má wulẹ̀ dárúkọ Èṣù, Èṣù ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, èmi nìkan ni mo wà lórí àga.

Irọ́ kan kì í dá rìn. Olóòtú ní, “Alágbàfọ̀ yẹn ńkọ́?” Mo ní, “Ahọ́n rẹ̀ wúwo jù, kò yé mi. Mo ti ránṣẹ́ pè é.” N kò ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni. Ìyá Ọṣẹ fúnra rẹ̀ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Màmá, ọjọ́ wo ni?” Mo ní, “Sọ́ńdè tó ń bọ̀.” Inú rẹ̀ dùn, ó gbá ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ gbóná, ó le bíi pátákó ìfọṣọ. Ó lọ ra bátìrì tuntun sí rédíò rẹ̀. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó pe gbogbo ará ilé jọ, ó gbé ọmọ rẹ̀ síwájú, ó ní kí wọ́n dákẹ́. Ojú fèrèsé mi ni mo ti ń wò wọ́n. Orin mi bẹ̀rẹ̀, orin mi parí, oníròyìn wọlé, awakọ̀ kan sọ̀rọ̀, ètò tán. Mo gbọ́ tí ọkùnrin kan ní, “Ìyá Ọṣẹ, ìwọ náà fẹ́ di èèyàn ńlá ni? Lọ gbé ọpọ́n ìfọṣọ ẹ jàre.” Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín tú ká. Kò bínú wá bá mi. Ọjọ́ tó ń lọ sí ọsibítù, ó ṣì kí mi.

Nígbà tí Olóòtú gbọ́ pé wọ́n ti dá a dúró sí ọsibítù, ó ní, “Màmá, ẹ fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Bí kò bá tiẹ̀ yé yín, màá fúnra mi gbọ́ ọ.” Mo mọ̀ pé bó bá gbọ́ ọ, á mọ̀ pé irọ́ ni mo pa, torí ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn mọ́ gaara bí omi ṣíṣàn. Nígbà tí wọ́n jáde lọ jẹun ọ̀sán, mo wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo yọ kásẹ́ẹ̀tì náà nínú agbọ̀n òsì, mo fi í sẹ́nu ẹ̀rọ, mo tẹ bọ́tìnì pupa. Mo kọrin lé e lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀rù ni mo fi kọ ọ́, ohùn mi ń gbọ̀n, kò sì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ẹ mọ orin náà, kásẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an la fi ń ṣí ètò láti ìgbà náà. Òun ni:

Ilẹ̀ ti mọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn,
Ẹni tó sùn, kó dìde,
Ohùn kan wà lọ́nà tó ń bọ̀,
Ẹ má tì í síta o, ẹ má tì í síta.

Orin tí ẹ fi ń jí ọmọ yín! Ohùn obìnrin kan ló wà lábẹ́ rẹ̀, tí mo tẹ̀ pa. Mo sọ fún Olóòtú pé Ìyá Ọṣẹ ló ní ká pa á rẹ́, pé ojú ń tì í. Ó mí kanlẹ̀, ó gbà mí gbọ́. Ìyá Ọṣẹ ò jáde láàyè ní ọsibítù.

Ẹ rò pé ó tán? Èyí tó burú jù ló kù. Ọmọ náà wá. Ó wọ bàtà ìyá rẹ̀, bàtà náà tóbi, ó ń wọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn, mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń bọ̀. Wáyà ti gba iṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn, Olóòtú ò sí nílé. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ màmá, màmá mi ní àwọn sọ̀rọ̀ níbí. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn wọn.” Ǹ bá ní kásẹ́ẹ̀tì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, á tún padà wá bi Olóòtú, ọ̀rọ̀ á dìwádìí. Mo wo ojú ọmọ òrukàn, mo ní, “Ìyá ẹ ò débí rí.” Ó ní, “Ṣé ó dá yín lójú, mà?” Mo ní, “Ìyá ẹ tàn ẹ́ ni.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì wọ́ bàtà lọ sílẹ̀.

Ọdún gorí ọdún. Olóòtú kú, ọmọbìnrin rẹ̀ gba ipò rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì di ohun àná, ṣùgbọ́n èmi ṣì ni Etí Àkọ́kọ́. Láìpẹ́ yìí la ní kí àwọn èèyàn wá sọ̀rọ̀ nípa ìyá tó bí wọn. Mo fi ẹ̀rọ bo etí, mo gbọ́ ohùn aránṣọ tó ní ìsọ̀ lójú títì. Ó ní, “Ìyá mi purọ́ fún mi kó tó kú. Ó pe èèyàn jọ sídìí rédíò, ó ní òun máa sọ̀rọ̀. Wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Mo lọ béèrè, wọ́n ní kò débẹ̀ rí. Àtìgbà náà, n kì í dárúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ní ìyá kan tó ń fọṣọ.” Ọmọ Olóòtú yọjú, ó ní, “Màmá, ṣé ó yé yín?” Mo ní, “Ó yé mi jù. Má tíì gbé e jáde. Irọ́ wà nínú rẹ̀, òun kọ́ ló sì pa á.”

Mo gbéra, mo lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ káàbọ̀, màmá olórin! Ṣé wọ́n ti gbé tèmi jáde?” Mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Ó ń rán aṣọ lọ títí abẹ́rẹ́ fi kúrò lára aṣọ, tí ẹ̀rọ ń gún afẹ́fẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, “Ṣé ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó pa á?” Mo ní, “Mo gbọ́ ọ tán.” Ó fi ẹsẹ̀ ti àga sí mi, ó ní, “Ẹ sọ ọ́.” Mo sọ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ, bí mo ṣe rántí rẹ̀. Ó ń tún un sọ tẹ̀lé mi, wúyẹ́wúyẹ́, bí ọmọ iléèwé. Ó ní, “Orin ńkọ́?” Mo la ẹnu. Orin tèmi ló jáde. Mo tún un ṣe, tèmi náà ni. Ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbàgbé orin?” Mo ní, “Ọmọ mi, etí ìlara ni mo fi gbọ́ ọ, kò dúró.” Ó ní, “Ẹ má pè mí lọ́mọ yín.” Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, “N kò tíì mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ dá orúkọ ìyá mi padà níbi tí ẹ ti gbà á.”

Ìdí nìyẹn tí mo fi wà níwájú yín. Ìyá Ọṣẹ ò purọ́. Ó wá, ó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi, èmi ni mo pa á mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó síbi tí ẹ ti ń pinnu ẹni tí aráyé máa gbọ́, ẹ ṣọ́ ọwọ́ yín. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá dùn ju tiyín lọ ò gba ẹnu yín lọ́wọ́ yín. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òkú, lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, lọ́wọ́ ẹ̀yin tí mo fi ẹ̀ṣẹ̀ jí láràárọ̀. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ bá a gbé, ẹ̀yin tí ẹ bá a sá aṣọ lórí okùn kan náà: ọ̀kan nínú yín gbọ́dọ̀ rántí orin yẹn. Ìdajì rẹ̀ tó. Ẹyọ ìlà kan tó. Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ lè hùn ún nímú lásán, ẹ máa bọ̀. Mo ti dìde kúrò lórí àga, aránṣọ ló wà níbẹ̀ báyìí, ó ti fi ẹ̀rọ bo etí, ó ń retí yín.