Ọ̀rá Ló Ń Jẹ Àjẹkù

Inú takisí tó ń dúró de èrò ní Ìkẹ́rẹ́ ni ìfẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ti wọ̀ mí lára, nígbà tí ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìyá kan gbé ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ sí búùtù, ó ń mú un lọ fún alápatà ní Ìṣẹ́.

Ọkùnrin tó jókòó tì í, tó ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn fún ìjọba, bi í pé, “Yèyé, kí ló ṣe é?”

“Ó ga bí ẹṣin, kò sanra. Èèpo ẹ̀gẹ́ kì í tán nulé mi, lásán ló ń jẹ ẹ́.”

“Kò ṣàìsàn. Omi kan wà tí ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń pín oúnjẹ fún ara. Egungun ló ń kọ́kọ́ jẹ, ẹran ara tẹ̀ lé e, ọ̀rá ló ń jẹ àjẹkù.”

“Ẹran ara ọ̀ún wá dà?”

“Ẹ pe bíríkìlà wá, ẹ ò fún un ní búlọ́ọ̀kù. Èèpo nìkan kò lè di ẹran. Ẹ lọ sóyà àti ẹja gbígbẹ mọ́ ọn.”

Ìyá náà bojú wẹ̀yìn. “Ọ̀rá ló ń jẹ àjẹkù,” ó rọra tún un sọ. Ó ní kí dẹ́rẹ́bà ṣí búùtù fún òun.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń sin tèmi. Èyí tí mo pa gbẹ̀yìn, ọ̀rá ẹ̀yìn rẹ̀ kò nípọn ju ìka kan lọ.