Owó Iwájú Orí

Nígbà tí owó gbogbo ará Ayétòrò ṣì wà nínú àpò kan, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ akọrin ìjọ méjì nínú ọkọ̀ ojú omi. Èmi di etí ọkọ̀ mú, àfi bí ẹni pé yóò rì bí mo bá jù ú sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, fèrè wa ti fọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi owó mi tún un ṣe.”

“Kí lo pè é? ‘Owó mi’?”

“Èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ mi níwájú orí nígbà tí a lọ kọrin ní Ẹtíkàn. N kò dá a sápò ìlú. Bí wọ́n bá bi mí, màá ní mo he é ni.”

“Níbo?”

“Níwájú orí.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀gbọ́n ti lọ sílẹ̀.

“Àbúrò, ó ti pẹ́ tí èmi náà ti ń he níbẹ̀. Òun ló jẹ́ kí ìlú máa sọ pé orin wa kì í mówó wọlé.”